Ṣíbí Tó Ń Jíṣẹ́ Ìfẹ́

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́, ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí ẹlòmíràn lè má kọ lẹ́tà, kó má sì bẹ alárinà kankan. Owó ẹyọ mẹ́fà ni yóò sín sí okùn tí yóò fi ránṣẹ́. Ẹ̀fà ni, ohun tó ń wí ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ ẹni tó gbà á lára, ẹyọ mẹ́jọ lè jẹ́ èsì: ẹ̀jọ, ká jọ máa bá a lọ. Ẹyọ méjì tí wọ́n so lójúkojú, ìrẹ́pọ̀ ni. Èyí tí wọ́n so tó kọ ẹ̀yìn síra, ẹni tó gbà á ti mọ̀ pé ìjà dé. Àrokò là ń pè é, gbogbo wa la sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, bí a ò tilẹ̀ fi ránṣẹ́ mọ́.

Àwọn ará Wales, ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Britain, ní irú àrokò yìí, àmọ́ igi ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Láyé àtijọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá rí ọmọbìnrin tó wù ú yóò mú ọ̀bẹ, yóò jókòó ti ẹyọ igi kan ṣoṣo lálaalẹ́, títí yóò fi gbẹ́ ṣíbí kan jáde lára rẹ̀ tí yóò gbé fún un. Llwy garu ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn, ìyẹn ṣíbí ìfẹ́. Ọ̀kan tí wọ́n fín 1667 sí lára wà títí di òní ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé St Fagans lẹ́bàá Cardiff. Ara ọwọ́ ṣíbí náà ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá rí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀, ilé mi ti di ilé rẹ nìyẹn. Ṣéènì dúró fún ìdè ìgbéyàwó. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ ń sọ pé mo ti rin ìrìn àjò tó, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo fẹ́ gúnlẹ̀ sí. Àwọn mìíràn a sì gbẹ́ àgò kékeré sára ọwọ́ ṣíbí, pẹ̀lú àwọn hóró igi roboto tó ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀. Wọ́n ní iye ọmọ tí ẹni tó gbẹ́ ẹ ń retí nìyẹn. Wọn kò fi gọ́ọ̀mù lẹ ohunkóhun. Ṣéènì, àgò, hóró inú àgò, ara igi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Iṣẹ́ báyìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn tó ń gbẹ́ eyín erin ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́ a máa gbẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ fún àwọn ọba àti ìjòyè, tó jẹ́ pé òrùka ńlá méjì ló wà nínú ara wọn, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde, wọ́n so kọ́ra, wọ́n sì ń yí, àmọ́ ẹyọ eyín kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbẹ́ méjèèjì jáde. Díẹ̀ nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Ìbíní, àwọn agbẹ́yín-erin ọba gbẹ́ ṣíbí fún àwọn Potogí ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ewé, ẹyẹ àti ẹranko sì wà lára ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gákọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbéra lọ sí Ìbíní ní 1588 mẹ́nu kan irú ṣíbí bẹ́ẹ̀ nínú ohun tó kọ sílẹ̀ nípa ìrìn àjò rẹ̀. James Welsh lorúkọ rẹ̀, orúkọ tó túmọ̀ sí ará Wales gan-an. Ní apá Làìbéríà àti Côte d'Ivoire, àwọn Dan a máa gbẹ́ ṣíbí igi gìrìwò fún obìnrin tó bá lawọ́ jù lọ ní abúlé, òun ni yóò sì fi pín oúnjẹ lọ́jọ́ àsè. Níbi gbogbo tí mo ti wo ọ̀rọ̀ yìí, ṣíbí kọjá ohun tí a fi ń bu oúnjẹ.

Èmi kì í ṣe ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìtamaga ní ìpínlẹ̀ Èkó ni mò ń gbé, iṣẹ́ mìíràn ni mo fi ń jẹun, ìrọ̀lẹ́ ni mo sì máa ń gbẹ́ ṣíbí tèmi lẹ́yìnkùlé. Mo bẹ̀rẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe ohun kan fún ìyàwó mi. Lóde ìgbéyàwó àdúgbò wa, abọ́ rọ́bà tí wọ́n lẹ àwòrán ọkọ àti ìyàwó mọ́ là ń gbà wálé. Kí ọdún tó yípo, àwòrán ti ṣí, abọ́ ti sán. Mo wo ọmọrogùn ìyá mi, tó ti fi ro ọkà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, tí etí rẹ̀ kan ti jẹ lọ nítorí ibi kan náà ló máa ń fi ha ìdí ìkòkò, mo sì mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Igi kò wọ́n lápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìtamaga lọ sí Ìtòìkín títí dé Ẹ̀pẹ́ yóò kọjá lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń la pákó, Àgbọ̀wà tó wà lápá yẹn náà sì ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní kí àwọn onípákó Òkò Bàbá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta kó lọ. Ẹ má béèrè ìrókò. Igi ńlá ni, àmọ́ eruku rẹ̀ a máa yọ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, ó sì le ju ohun tí ọwọ́ akọ́ṣẹ́ lè ṣe. Dóńgóyárò korò. Igi tí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ má fi ṣe ohun tí yóò wọ ẹnu, nítorí àwọn igi kan ní májèlé. Èyí tí mo fẹ́ràn ni mẹ̀línà. Ìjọba gbìn ín lọ rẹpẹtẹ sínú igbó ọba tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n fẹ́ fi bọ́ iléeṣẹ́ bébà Ìwópín tó wà létí ọ̀sà, kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́. Iléeṣẹ́ náà kò rí i jẹ tó bí wọ́n ti rò, ṣùgbọ́n mẹ̀línà tàn káàkiri. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́, ó fúyẹ́, ó sì rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹ̀ka ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé náà dára, ó kàn le díẹ̀ ni.

Igi tútù ni kí ẹ wá. Ẹni tí kò tíì gbẹ́ igi rí a máa rò pé gbígbẹ ló dára jù, bẹ́ẹ̀ sì ni fún káfíńtà tó fẹ́ kan àga. Fún ṣíbí, igi tí omi ṣì wà lára rẹ̀ ń gba ọ̀bẹ bí iṣu. Ẹ la gẹdú náà sí méjì, kí ẹ sì yọ àárín gbùngbùn rẹ̀ kúrò pátápátá. Ibẹ̀ ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ṣíbí yín yóò là gbàjà bí ọyẹ́ bá dé, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i mọ́.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀bẹ tó kan igi, òkúta ni kó kọ́kọ́ kàn. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni mo ti fi oṣù mélòó kan ṣòfò. Mo ra ọ̀bẹ lọ́jà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́, igi ń ya, ọwọ́ ń dùn mí, mo sì ń dá igi lẹ́bi. Lọ́jọ́ kan mo fi agbára ti ọ̀bẹ náà, ó yọ̀, ó sì wọ àtàǹpàkò òsì mi. Ọ̀bẹ tó kú ló máa ń ṣeni léṣe báyìí, torí pé òun la máa ń fi ipá tì. Èyí tó mú kò béèrè ipá, ibi tí ẹ bá darí rẹ̀ sí ló ń lọ.

Kí ni mímú ọ̀bẹ? Ẹ̀gbẹ́ irin méjì ló pàdé láti di ojú ọ̀bẹ. Bí wọ́n bá pàdé débi pé kò sí àyè kankan láàárín wọn, ọ̀bẹ mú. Bí ibi ìpàdé náà bá ti yíká tàbí tó tẹ̀, ọ̀bẹ ti kú nìyẹn. Ẹ lè fi ojú rí i. Ẹ kọ ojú ọ̀bẹ sókè sí ìmọ́lẹ̀ bọ́ọ̀bù. Èyí tó ti kú yóò ní ìlà tín-ín-rín funfun kan tó ń dán, torí ìmọ́lẹ̀ ti rí ibi bà sí. Èyí tó mú yóò dúdú lójú, kò sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè dúró sí.

Òkúta ìpọ́n gidi wọ́n. Ohun tí mò ń lò ni dígí ojú fèrèsé àti sáńdípépà olómi tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò. Mo máa ń ra nọ́ńbà 400, 800 àti 1200. Mo fi omi lẹ pépà mọ́ dígí, mo sì tẹ́ ọ̀bẹ lé e. Lẹ́yìn náà mo gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè díẹ̀: bí ọ̀bẹ bá fẹ̀ tó ìka méjì, kí àlàfo abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ìnípọn pẹ́ńsù kan. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú kí àlàfo yẹn má yí padà. Ẹ ti ọ̀bẹ síwájú bí ẹni fẹ́ bó èèpo pépà, ẹ fà á padà, ẹ má kánjú. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ dojú kọ títí irun irin yóò fi yọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ojú kì í tètè rí irun yìí, ìka ló ń mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ìka ra á jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn ọ̀bẹ bọ̀ sí ìta; ẹ má fi ìka lọ gbọọrọ lójú rẹ̀. Bí ó bá kọ́ yín lọ́wọ́ bí ìgbà tí aṣọ kọ́ ẹ̀gún, ó ti yọ. Bí irun kò bá yọ láti ìdí ọ̀bẹ dé ṣóńṣó rẹ̀, ẹ kò tíì pọ́n ọn, bó ti wù kó pẹ́ tó tí ẹ ti wà níbẹ̀. Nígbà tó bá yọ tán, ẹ yí ọ̀bẹ padà kí ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà, ẹ wá kúrò ní 400 bọ́ sí 800, láti ibẹ̀ sí 1200, kí ọwọ́ máa fúyẹ́ sí i.

Ó ku awọ. Bẹ́líìtì awọ tí kò dára mọ́ ni mo kàn mọ́ pákó, tí mo fi Brasso díẹ̀ kùn. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ló ń ṣáájú níbẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣáájú, yóò gé awọ. Ìgbà ogún ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìgbà ogún ní ìkejì, irun irin tó kù yóò sì bọ́ dànù. Ẹ wá fi ọ̀bẹ náà gé igi tútù ní ìdábùú. Bí ojú ibi tó gé bá ń dán, iṣẹ́ ti ṣe. Bí ó bá ní ìlà fínífíní tàbí tó rí wúruwùru, ẹ padà sídìí pépà.

Àwọn alápatà máa ń fi ọ̀bẹ nu ọ̀bẹ kí wọ́n tó gé ẹran, ẹlòmíràn a sì rò pé ìpọ́n nìyẹn. Ojú tó tẹ̀ ni wọ́n ń tò padà, ó sì tó fún ẹran. Kò tó fún igi. Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe rárá ni kí ẹ gbé ọ̀bẹ tí ẹ fi ń gbẹ́ igi lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń yí, tí iná ń ta pàràpàrà lára rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ti fi iná mú irin yẹn pọ́n, ó ti rì í bọ inú omi tàbí òróró kó lè le, ó sì ti tún yá a díẹ̀ kó má baà máa ṣẹ́. Bí ojú ọ̀bẹ bá gbóná lórí ẹ̀rọ débi pé ó yọ àwọ̀ búlúù, gbogbo iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ níbẹ̀. Ọ̀bẹ yóò mú lójú ẹsẹ̀, kò sì ní gbẹ́ ṣíbí kan tán kó tó kú.

Fún inú ṣíbí, ọ̀bẹ tó tẹ̀ bí ìwọ̀ la nílò. Alágbẹ̀dẹ lè rọ ọ́ láti ara sípíríìnì mọ́tò àtijọ́, irin tó dára púpọ̀. Inú rẹ̀ ni mo ti máa ń pọ́n ọn: ẹ wé pépà náà mọ́ igi roboto kan, ẹ máa fi nu inú rẹ̀ láti ìdí lọ sí ojú.

Ó wá ku gbígbẹ́. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá ti fún ìpele iṣẹ́ yìí lórúkọ tipẹ́. Ọ̀nà lílé ni wọ́n ń pe ìgbà tí àáké ń lé igi sí ìrísí ohun tó fẹ́ dà. Àlétúnlé tẹ̀ lé e, kí apá kọ̀ọ̀kan máa yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí ọ̀bẹ ń mú ara igi jọ̀lọ̀, kí fínfín tó kẹ́yìn rẹ̀, tí í ṣe ọnà ara. Àwọn orúkọ yìí ṣe iyebíye lójú mi, nítorí wọ́n ń kìlọ̀ fún aláìnísùúrù tó fẹ́ fín ọnà sára igi tí kò tíì lé tán. Lamidi Fakeye ti Ìlá Ọ̀ràngún, tí ìdílé rẹ̀ ti ń gbẹ́nà láti ìran dé ìran, ṣì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Arẹ́ògún ti Ọ̀sì, ní ibi iṣẹ́ tí Fada Kevin Carroll ṣètò ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Fakeye náà ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ìṣúra abẹ̀mí ní 2006, ọdún mẹ́ta kó tó papò dà.

Fún ṣíbí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, mo fi pẹ́ńsù ya á sórí igi, mo fi àáké lé e. Inú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbẹ́, kí ẹ̀yìn tó tẹ̀ lé e, torí pé nígbà tí igi ṣì nípọn ló rọrùn dì mú. Ọ̀bẹ oníwọ̀ máa ń gé iṣan igi ní ìdábùú nínú ihò ṣíbí. Bí ó bá tẹ̀ lé iṣan igi lọ sísàlẹ̀, yóò wọlẹ̀ jù, yóò sì ya. Ní ẹ̀yìn àti lára ọwọ́ ṣíbí, láti ibi tó ga sí ibi tó rẹlẹ̀ ni ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ máa lọ. Igi fúnra rẹ̀ yóò sọ fún yín bí ẹ bá ṣì í: yóò gbé ìhá sókè. Ẹ yí i padà kí ẹ gba apá kejì wá. Láàárín iṣẹ́, bí ìdajì wákàtí bá ti kọjá, ẹ dá ọ̀bẹ padà sórí awọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí iṣẹ́ kò tíì tán, ẹ dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú èérún igi rẹ̀, kó má baà tètè gbẹ. Nígbà tó bá tán, abẹ́ òjìji ni kó ti gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má gbé e sí oòrùn.

Ewé ìpín ni àwọn baba wa fi ń ra igi kó lè jọ̀lọ̀, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ibi tí ọ̀bẹ tó mú bá ti kọjá kò nílò ìrara púpọ̀. Ojú gígé náà ń dán fúnra rẹ̀, omi ọbẹ̀ kì í sì í tètè wọ inú rẹ̀ bíi ti ibi tí wọ́n fi pépà ha. Ìdí kan nìyí tí mo fi ń sọ pé ìpọ́n ni ìlàjì iṣẹ́. Ìdí kejì wà lára ọnà. Kọ́kọ́rọ́ tàbí ẹyọ tí ọ̀bẹ tó kú fín kì í yé ẹni tó ń wò ó. Àrokò tí kò ṣeé kà, kò jíṣẹ́.

Èmi kò gbẹ́ ọkàn sára ṣíbí tèmi. Àwòrán àwọn ará Wales ni, ó sì yẹ wọ́n. Owó ẹyọ mẹ́fà ni mo fín sára ọwọ́ rẹ̀, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀, méjì àárín sì kọjú síra. Mo fi òrí pa á, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú, mo nù ún. Ìrọ̀lẹ́ mọ́kànlá ni mo fi ṣe é, mẹ́rin nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìpọ́n nìkan. Nígbà tí mo gbé e fún ìyàwó mi, ó ka àwọn ẹyọ náà, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi pé mẹ́jọ tòun dà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tí ń lọ sílé ọkọ lọ́dún yìí, ẹ fi ìjábẹ̀ àti ọlọ sínú ẹrù rẹ̀ bí a ti ń ṣe é, kí ẹnìkan nínú ilé sì jókòó gbẹ́ ṣíbí kan sí i. Ẹ pọ́n ọ̀bẹ ná.